Ọ̀RỌ̀ OWÓ ÌDALẸ̀NÙ NÍ ÌLÚ ÈKÓ

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń mú ara gbóná ní ìlú Èkó bí ọ̀rọ̀ owó tí a ní kí onílé san, kò sì sí èyí tí a kì í fẹ́ gbọ́ sétí nínú irú owó bẹ́ẹ̀ tó owó ìdalẹ̀nù. Ẹni tí ó san owó omi yóò rí omi nínú ìkòkò rẹ̀. Ẹni tí ó san owó iná yóò rí iná, bí wọ́n bá tàn án. Ṣùgbọ́n ohun tí owó ìdalẹ̀nù ń rà fún ni ni pé kí a má ṣe rí ohun kan mọ́ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣòro fún ọmọ ènìyàn láti fi ayọ̀ sanwó ohun tí kò rí. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí àwọn aláṣẹ bá ń gbé e yẹ̀wò pé kí owó náà gòkè, ariwo ni a kọ́kọ́ máa ń gbọ́, ìrònú a sì máa tẹ̀ lé e bí àyè bá ṣẹ́kù fún un. Àwa kò fẹ́ pariwo lónìí. A fẹ́ kí àwa àti ẹ̀yin òǹkàwé wa jùmọ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, kí a wò ó níwájú, kí a wò ó lẹ́yìn, kí a tó sọ ẹni tí ó jàre.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde kò fara sin. Li ọjọ́ 29 oṣù May, 2023, ni a kéde pé owó tí ìjọba fi ń ran ará ìlú lọ́wọ́ lórí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, epo bẹntiróò tí à ń rà ní nǹkan bí ₦185 fún lítà kan ti kọjá ₦480 ní Èkó; ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, náírà fúnra rẹ̀ jábọ́ bí ẹni tí wọ́n yọ àkàbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ akólẹ̀ kan ń ra epo, ó ń ra táyà, ó ń ra irin àti ẹ̀rọ tí ó ń ti òkè òkun wá, ó sì ń sanwó fún dírẹ́bà àti àwọn ọmọkùnrin tí ń fi ọwọ́ gbé ohun tí àwa tí a ni ín kò fẹ́ fi imú gbóòórùn. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn wí pé pàǹtí tí Èkó ń dà jáde li ojúmọ́ kan tó 13,000 tọ́ọ̀nù. Kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹnu lásán gbé kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbà a máa wí pé ààtàn kì í kọ ilẹ̀. Òtítọ́ ni li ayé wọn. Ṣùgbọ́n àwa ti rí ààtàn tí ó kọ̀ ọ́. Ààtàn Olúsosùn ní Ọjọ́ta, tí a ṣí ní 1992, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 100, wà ní ẹ̀yìn odi nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí àárín ìlú ni ó wà, ilé àti ilé-iṣẹ́ ti yí i ká. Li ọjọ́ 14 oṣù March, 2018, iná sọ níbẹ̀, èéfín rẹ̀ bo àdúgbò, àwọn ọkọ̀ jóná, àwọn tí wọ́n ń ṣa ike àti irin tà lórí rẹ̀ pàdánù àtíbàbà tí wọ́n fi ṣe ilé, ìjọba sì ti ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláṣẹ pé wọn yóò ti Olúsosùn pa pátápátá, àti èyí tí ó wà ní Ìgàndó pẹ̀lú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n li ọjọ́ tí a bá tì wọ́n, ọkọ̀ tí ó kó ilẹ̀ láti Ìdúmọ̀tà tàbí Mushin yóò rin ọ̀nà jíjìn ju ti àná lọ kí ó tó rí ibi sọ ẹrù rẹ̀, epo ni yóò sì fi rìn ín. Ẹni tí ó bá wí pé owó náà kò gbọdọ̀ gòkè láéláé, kí onítọ̀hún fi ibi tí a ó kó ilẹ̀ náà lọ hàn wá.

A ti sọ ti ẹ̀gbẹ́ kan. Kí a tó sọ ti èkejì, ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí pé kì í ṣe òní ni irú àríyànjiyàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1908, nígbà tí Gómìnà Egerton wà lórí àga, ìjọba gbé e kalẹ̀ pé òun yóò fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó omi. Ìlú dàrú. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà, Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ó pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀ kò sì fara mọ́ ọn. Wọ́n ní kànga ń bẹ li àgbàlá àwọn. Wọ́n ní àwọn Òyìnbó ni omi ẹ̀rọ ń gbẹ ní ọ̀fun, kí Òyìnbó san án. Omi Ìjú wọ Èkó ní 1915 síbẹ̀síbẹ̀, a sì san owó rẹ̀, a kò sì gbọ́ pé ẹnì kan nínú àwọn tí ó kọ̀ ọ́ tún fi ẹ̀rọ omi sílẹ̀ padà sí ìdí kànga. Àwọn kan a máa fi èyí rẹ́rìn-ín sí àwọn baba wa. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe omi ni àwọn baba wa kọ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí àwọn ènìyàn díẹ̀ tí a kò yàn jókòó sí iyàrá kan, kí wọ́n bu owó lé ìlú lórí, kí wọ́n má sì bi ìlú léèrè. Ìbéèrè náà kò tíì gbó títí di òní olónìí.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tí kò san owó ìdalẹ̀nù ti bọ́ lọ́wọ́ owó. Ìdọ̀tí a máa gba owó tirẹ̀, a sì máa gbà á pẹ̀lú èlé. Àwọn àgbàlagbà ìlú yìí sọ ìtàn àrùn eku fún àwọn ọmọ wọn, èyí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924 tí ó sì ń jà títí di nǹkan bí 1930. Ìgbà náà ni wolé-wolé di ẹni tí gbogbo agboolé bẹ̀rù. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí kò jalè, yóò gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀, yóò sì máa sáré da omi àmù nù nítorí tanwíji. Nítorí àrùn yìí ni a ṣe dá ìgbìmọ̀ tí ń tún Èkó ṣe, tí a ń pè ní L.E.D.B., sílẹ̀ ní 1928, a sì fún un li agbára láti wó ilé. Agbára tí a fi fún ènìyàn nítorí eku kò bá eku lọ. Ní 1955 a tún fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí àti ìhágágá ṣe ìdí kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó agboolé li àárín Èkó. A kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè, iye àwọn tí ó sì padà wá kọ́lé sí orí ilẹ̀ baba wọn kò tó nǹkan. Ìyá tí ó ń tajà li ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ bá ara rẹ̀ ní ibi tí oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ó mọ iye tí èyíinì jẹ́ ju bí àwa ti lè ṣírò rẹ̀ lọ. Nítorí náà nígbà tí a bá rí òkìtì pàǹtí li ẹ̀bá ọ̀nà ní ọjà wa, kì í ṣe òórùn nìkan ni ó ń bà wá lẹ́rù. À ń rí ẹ̀rí tí ẹlòmíràn lè gbé lọ sí iwájú ìjọba li ọ̀la pé àwọn ará ibí yìí kò yẹ láti gbé ibi tí wọ́n ń gbé.

Ó yẹ kí a san án nígbà náà. Kí ni ó dé tí ọwọ́ wa fi wúwo?

A lè fi ẹnu kan sọ ọ́: nítorí pé a ti san án rí, a kò sì rí ọkọ̀. Láti 1977, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, orúkọ àjọ náà ti yí padà, títí ó fi di LAWMA ní 1991; lẹ́yìn náà a mú àwọn aládàáni tí a ń pè ní PSP wọlé kí wọ́n máa kó ilẹ̀ àwọn agboolé, iṣẹ́ náà sì ń gún régé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1917 wọn ì bá pè é ní ìdánwò. Ní 2017 àtúnṣe ni a pè é. Ìjọba ìgbà náà ṣe òfin tuntun, ó gba ilẹ̀ agboolé kúrò lọ́wọ́ àwọn PSP, ó gbé e fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ó sì ní kí owó tuntun wà. Àwọn PSP gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ọkọ̀ tuntun kò tó, ọkọ̀ àtijọ́ dúró sí ibi tí a pa á tì sí, nígbà tí ó sì fi di 2018 òkìtì pàǹtí ti dé ojú ọ̀nà ńlá ní ibi púpọ̀. Ẹni tí ó gbé Èkó ní ọdún náà kò nílò ẹ̀rí wa. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ a tún dá iṣẹ́ padà fún LAWMA àti àwọn PSP, bí ẹni tí ó lọ tí ó bọ̀ tí ó tún bá ara rẹ̀ ní ìdí igi tí ó ti gbéra. Àwa kò rí ìwé kankan tí a fi ṣàlàyé fún ará ìlú iye tí ìrìnàjò náà jẹ wá.

Li ọdún 2018 kan náà, owó orí ilé tí a ń pè ní Land Use Charge fò sókè, ìlú ké, ìjọba sì dín ti àwọn ilé ìṣòwò kù sí ìlàjì. Bí owó kan bá lè di ìlàjì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí pé a ké, ẹni tí ó gbọ́n yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ iye náà sílẹ̀ ṣírò rẹ̀ rárá. Èyí ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìjọba ti kọ́ wa pé ariwo ni ìṣírò.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ìlú San Diego, ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò ní 1919 fún òfin kan nípa ìkólẹ̀, òfin yìí ni ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀ máa da ilẹ̀ nù láìsan kọ́bọ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, nígbà tí ayálégbé inú ilé ńlá ń sanwó fún àwọn aládàáni. Ní oṣù November 2022 wọ́n dìbò, díẹ̀ báyìí ni àwọn tí ó gbà fi ju àwọn tí ó kọ̀ lọ, pé kí ìlú lè gba owó lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú. Iye tí a dá lábàá fún wọn kí wọ́n tó dìbò ni dọ́là 23 sí 29 li oṣù kan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò ní oṣù June 2025, ènìyàn 6 sí 3, iye tí ó jáde fún ẹni tí ó gba agolo ńlá ni dọ́là 43 àti sẹ́ǹtì 60. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀ ohun méjì ń bẹ nínú ìtàn wọn tí ojú wa wọ̀. Ìlú náà fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan ṣáájú, pé iye báyìí ni, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó kọ̀wé kọ̀ ọ́, bí àwọn tí ó kọ̀ bá sì ju ìdajì lọ, owó náà kò ní lè dúró. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá gba agolo kékeré yóò san owó tí ó kéré.

Lórí èkejì yìí ni a fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni bàtà gbé ń ta àwọn ènìyàn wa lẹ́sẹ̀. Ẹ wo agboolé oníyàrá mẹ́wàá kan ní Mushin. Opó kan wà nínú yàrá kan tí ó ń ta àkàrà li àárọ̀. Ewé àti eérú ni pàǹtí rẹ̀, eérú náà kò sì kún páànù kan li ọ̀sẹ̀ kan. Nínú yàrá tí ó kọjú sí tirẹ̀, ọmọkùnrin kan ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ike àti páálí rẹ̀ sì ń ga ju ènìyàn lọ li ojoojúmọ́. Nígbà tí ìwé owó bá dé, onílé yóò pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Bí a bá fi ìdá mẹ́ta kún un, opó yóò san ìdá mẹ́ta kún ti ewé. Ọlọ́tí yóò san ìdá mẹ́ta kún ti ike. Ta ni ó jẹ ta ni ní gbèsè níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ilé alájà mẹ́ta kan ń bẹ ní ibòmíràn tí ìdílé kan péré ń gbé inú rẹ̀, tí a sì kà sí ilé kan. A kò wí pé kí a gbé òṣùwọ̀n wá sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ṣòro láti ka agolo tí ọkọ̀ gbé, kí a sì gba owó rẹ̀, dípò kí a máa ka ojú fèrèsé.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Ọjà kì í gòkè kí ó máà sunwọ̀n. Ìyá tí ó fi owó lé ẹ̀kọ rẹ̀ li àná kò ní jẹ́ dín ẹ̀kọ náà kù kí ó tún máa pa ìlẹ̀kùn mọ́ oníbàárà. Bí a bá ní kí a san ju ti àná lọ, kí ọkọ̀ wá li ọjọ́ tí a dá fún wa, bí kò bá sì wá, kí a yọ ti ọ̀sẹ̀ náà kúrò nínú ìwé owó. A mọ ohun tí àwọn PSP yóò fi dáhùn: pé àwọn kan kì í san, pé ẹni tí ó ń san ni ó ń ru ẹrù ẹni tí kò san. Òótọ́ ni, èyí sì ni ó mú kí a kọjú sí ara wa nísinsin yìí.

Ẹ̀yin ará wa, àwa kò mọ́. Ilé tí ó kọ̀ láti san ₦1,000 fún ọkọ̀ akólẹ̀ a máa rí ₦200 fún ọlọ́mọlanke, kò sì ní bi í pé níbo ni ó ń kó o lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ó ń kó o lọ kò jìnnà: gọ́tà ni, tàbí ojú odò, tàbí abẹ́ afárá, láti ibẹ̀ ni òjò àkọ́kọ́ yóò sì ti gbé e padà wá kí i nínú pálọ̀ rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nígbà tí a ṣì ń ṣe ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù, kí a tó fòpin sí i ní November 2016, ṣebí ojú gbogbo wa ni a ti máa ń kó ẹrẹ̀ jáde kúrò nínú gọ́tà, tí a ń tò ó sí ẹ̀bá gọ́tà, tí a sì ń wọlé lọ jẹun? Ẹrẹ̀ náà kò rìn jìnnà. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń jí li òru gbé àpò pàǹtí lọ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Owó tí ó wọ́n kò ní mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ san. Yóò kàn mú kí ó tètè jí sí i ni. Àwọn aláṣẹ tí ó bá fẹ́ gbé owó sókè gbọdọ̀ ka èyí mọ́ ìṣírò wọn, nítorí pé bí owó bá gòkè tí iye àwọn tí ó ń san sì dín kù, gọ́tà ni yóò jèrè.

Ó kù ẹnì kan tí a kò tíì dárúkọ, ẹni náà ni kò sì dákẹ́ nígbà tí ó ń wá ìbò wa. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kọ ọ́ pé ìdalẹ̀nù wà nínú iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe ní Èkó, a kò sì wí pé kò rí ìdí rẹ̀. Ìlú tí ó tóbi tó èyí kò lè máa kó ilẹ̀ rẹ̀ ní ìjẹ́ǹjẹ́. Ṣùgbọ́n li ọjọ́ 11 oṣù July, 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọdọ̀ máa lọ sí ọ̀dọ̀ wọn tààrà, li ọjọ́ 12 oṣù July, 2025, a sì jáde lọ dìbò yan alága fún ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti àwọn 37 tí ìpínlẹ̀ fi kún wọn, pẹ̀lú àwọn káńsẹ́lọ̀ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ó súnmọ́ gọ́tà wa jù. Ohun tí a kò ní li 1908 nìyí, ẹni tí a yàn tí a lè bi léèrè. Ó sì jẹ́ ìyanu fún wa pé nígbà tí ọ̀rọ̀ owó yìí bá dé, a kì í gbọ́ ohùn wọn.

Kí káńsẹ́lọ̀ kan dìde ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí ó béèrè iye ìgbà tí ọkọ̀ akólẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá, iye ilé tí a kó tiwọn, iye ilé tí ó san, àti ibi tí owó náà gbà lọ. Kí a tẹ èsì rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káńsù àti ẹnu ọ̀nà ọjà, níbi tí ìyá alákàrà lè dúró kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Bí wọ́n bá ṣe èyí kí wọ́n tó fi kọ́bọ̀ kan lé owó ìdalẹ̀nù, àwa yóò gba àwọn òǹkàwé wa níyànjú láti san án, a ó sì kọ́kọ́ san tiwa.